Ẹ Jẹ́ Kí A Tú Díìṣì Orí Gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Kalẹ̀

 Àwọn ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, mo sì mọ̀ pé inú wọn lè má dùn sí i. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi bẹ Akọ̀wé wa kí ó fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa, kí ìpàdé ńlá tó tún pé.

Ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Wọ́n ti gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ dá owó kún owó oṣù rẹ̀, kí a lè máa san owó DStv inú gbọ̀ngàn wa déédéé, nítorí pé èyí tí ó wà nínú àpò kò tó o mọ́. Àwọn tí ó gbé àbá náà wá sọ pé bọ́ọ̀lù ni ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ wá sí gbọ̀ngàn, pé bí dẹ̀kódà bá ti kú, gbọ̀ngàn náà kú nìyẹn. Èmi tako àbá yìí. N kò tilẹ̀ dúró síbẹ̀. Mo ní kí a má san kọ́bọ̀ kan mọ́, kí a tú díìṣì náà kalẹ̀ kúrò lórí òrùlé, kí a sì máa wo bọ́ọ̀lù ilé wa ní ọ̀nà tí apá wa ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó ka ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Kí oṣù Kọkànlá ọdún 2023 tó wọlé, ₦10,500 ni à ń san lóṣù fún ìpele tí wọ́n ń pè ní Compact, èyí tí ó wà nínú gbọ̀ngàn wa. Nínú oṣù Kọkànlá náà, ó di ₦12,500. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó di ₦15,700. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó di ₦19,000. Ẹ kà á dáadáa: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi owó lé e láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún. Ohun tí ó ń ná wa ní ₦126,000 lọ́dún di ₦228,000. Ìpele gíga tí wọ́n ń pè ní Premium fò láti ₦24,500 dé ₦44,500 láàárín àkókò kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ₦70,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gba iye yẹn, tí ó wá san ₦19,000 fún àwòrán, ó ti fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ lọ wo ẹni tí ń sáré lórí koríko. Kò tíì ra gààrí. Kò tíì san owó ilé.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba yóò bá wa dá sí i. Ìjọba dá sí i, a sì rí bí ó ti rí. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà ní kí ilé-iṣẹ́ MultiChoice, tí ó ni DStv àti GOtv, wá ṣàlàyé, kí ó sì dá owó tuntun náà dúró. Nígbà tí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta pé, ilé-iṣẹ́ náà fi owó lé e. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá lé ẹjọ́ tí MultiChoice pè dànù, ṣùgbọ́n adájọ́ sọ pẹ̀lú pé àjọ náà kò ní agbára láti fi iye lé ọjà ọlọ́jà. N kò bá adájọ́ jà. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò bá wa dá owó yẹn padà sísàlẹ̀. Oníbàárà nìkan ni ó lè dá ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń ṣe é. Láàárín oṣù Kẹta ọdún 2023 sí oṣù Kẹta ọdún 2025, mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún oníbàárà, ìyẹn 1,400,000, ni ilé-iṣẹ́ náà pàdánù ní Nàìjíríà nìkan. Ṣé gbogbo wọn ni kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ́ ni? Rárá o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù lọ nìyí. Kí ni owó yẹn ń rà fún wa? Fún ọdún púpọ̀, SuperSport tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ń gbé líìgì Nàìjíríà jáde. Nígbà náà, ẹni tí ó bá sanwó lè sọ pé òun ń rí Shooting Stars, òun ń rí Pillars, òun ń rí Rangers. Ní ọdún 2017 ni wọ́n tú àdéhùn náà ká, tí wọ́n kó kámẹ́rà wọn lọ. Kámẹ́rà lọ, ṣùgbọ́n owó oṣù kò lọ. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ni lójú, tí ó wá fi ata sẹ́nu! Láti ìgbà náà ni à ń san owó kíkún láti wo Manchester àti London. Ẹ wá bi ọmọkùnrin kan nínú gbọ̀ngàn wa pé ta ni olùṣọ́lé Kwara United. Kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n yóò ka orúkọ àwọn tí ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì Arsenal fún yín láì mí. Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ní kí ẹni tí ó fẹ́ wò ó fi owó ara rẹ̀ wò ó. Àpò ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí ọmọ ilé má baà sọnù sí àjò kò yẹ kí ó máa sanwó kí ọmọ ilé gbàgbé ilé.

Òwò àlùbọ́sà àti pákó ni mo ń ṣe, Bìní sì ni mo ń ná. Mo ń kó àlùbọ́sà lọ, mo ń kó pákó bọ̀. Ìlú yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n, àti nítorí pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò lówó jù wá lọ. (Ọ̀rọ̀ pé ta ni bàbá ta láàárín Bìní àti Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ lónìí, ó ti ba ọjọ́ ìgbádùn jẹ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.) Àwọn ará Bìní fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè bí gbogbo ayé ti fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní nǹkan tiwọn tí wọn kò jẹ́ kí dẹ̀kódà gbà lọ́wọ́ wọn. Insurance ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa lè má mọ ohun tí Insurance jẹ́. Bendel Insurance ti Bìní gba ife ilẹ̀ wa ní ọdún 1972, wọ́n gba líìgì ní 1973 àti 1979, wọ́n tún gba ife ní 1978 nígbà tí wọ́n fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Rangers ti Enugu, wọ́n sì gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1980. Ní 1994, wọ́n gba CAF Cup láàárín gbogbo Áfíríkà, ife kan náà tí Shooting Stars wa gbà nígbà àkọ́kọ́ tí a gbé e kalẹ̀ ní 1992. Nínú ìlú kan náà ni New Nigeria Bank wà, àwọn tí ó gba líìgì ní 1985. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ṣú. Insurance jábọ́ kúrò ní líìgì ńlá, wọ́n pẹ́ nísàlẹ̀, àwọn ènìyàn ń rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, ní pápá Stephen Keshi ní Asaba, Insurance tún na Rangers ní góòlù kan sí òdo, wọ́n gbé ife relé lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì. Ẹni tí ó jẹ́ pé dẹ̀kódà nìkan ni ojú rẹ̀ ń wò láti 2017 ni kò mọ̀ bí ẹgbẹ́ náà ti ń dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ sí pápá mọ̀ ọ́n.

Pápá náà wà láàárín ìgboro, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Ogbe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Samuel Ogbemudia ni ó ń jẹ́ báyìí, ológun tí ó ṣe gómìnà Mid-West láti 1967 sí 1975, tí ó sì fi eré ìdárayá ṣe iṣẹ́ ìjọba gidi. Wọ́n tún un ṣe kí ìlú tó gbàlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Bí ẹ bá wọ Bìní ní ọjọ́ tí Insurance bá ní àlejò, ẹ óò rí i: awakọ̀, ọlọ́pọ́ńpó, vọ́kánísà, akẹ́kọ̀ọ́, ìyá tí ń ta ẹ̀pà, gbogbo wọn ń rọ́ lọ. Owó ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń fi sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́ran ní Sunday. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe dáadáa, wọn a patẹ́wọ́. Bí ó bá ṣe burúkú, wọn a sọ ọ́ sójú olùkọ́ni pẹ̀lú ẹnu ara wọn. Ta ni ó lè sọ̀rọ̀ sójú olùkọ́ni Chelsea láti inú gbọ̀ngàn wa? Bí a pariwo títí dọ̀la, dẹ̀kódà ni à ń bá wí.

Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Edo Queens ti Bìní gba líìgì àwọn obìnrin ní 2024, wọ́n lọ sí Mòrókò ní ọdún kan náà fún ìdíje àwọn akọni Áfíríkà, wọ́n sì dé ìpele àwọn mẹ́rin tí ó kù. Àwọn ọmọbìnrin tí ó jáde láti inú ìlú tí mo ti ń ra pákó! Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa mélòó kan bóyá wọ́n gbọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbọ́, rédíò ni ó sì ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ rédíò yìí rán mi létí nǹkan tí àwọn bàbá wa ṣe, tí ó yẹ kí ojú tì wá. Láti ọdún 1935 ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó láti gbé ohùn rédíò wá fún wọn, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Rediffusion ni wọ́n ń pè é, àwọn Yorùbá sì sọ àpótí náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Owó oṣù ni wọ́n ń san. Ohun tí olówó wáyà bá rán wá nìkan ni àpótí náà ń sọ. Kò sí bọ́tìnì tí ènìyàn lè yí sí ibòmíràn. Bí oṣù bá parí tí o kò sanwó, ó dákẹ́. Nígbà tí rédíò kékeré oníbátìrì wá dé, tí ẹni tí ó bá ra tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tún sanwó fún ẹnikẹ́ni mọ́, kí ni àwọn bàbá wa ṣe? Wọ́n pa asọ̀rọ̀mágbèsì tì. Kò sí ẹni tí ó sọ pé bí wáyà bá jáde, ilé kú. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn sì dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1959, antẹ́nà lórí òpó ni wọ́n fi ń gbà á. Kò sí ẹni tí ó ń pa á fún wọn bí oṣù bá parí. Àwa ọmọ wọn ni a tún lọ gbé ọrùn sínú okùn tí wọ́n ti yọ ọrùn kúrò nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n máa ní kí àwọn ọ̀dọ́ lọ máa wò ó ní ilé ìwòran ìgboro, níbi tí wọ́n ti ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá lọ, kò burú, ṣùgbọ́n kí ó la ojú rẹ̀. Páànù àti pákó ni ọ̀pọ̀ àwọn ilé náà, ènìyàn a kún un bí ẹja inú agolo. Ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹrin ọdún 2017, ní Calabar, wáyà iná ńlá já bọ́ sórí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wo Manchester United, ó kéré tán ènìyàn méje ni ó kú. Àwa tí a wà ní Òkè Ọya kò sì lè gbàgbé oṣù Kẹfà ọdún 2014 ní Damaturu, nígbà tí bọ́ǹbù dún níbi tí wọ́n ti ń wo Ife Àgbáyé. Bí ẹ bá fẹ́ yan ilé ìwòran, ẹ yan èyí tí ó ní ògiri gidi, tí ó ní ilẹ̀kùn ju ọ̀kan lọ, tí iná ìjọba kò gba orí rẹ̀ kọjá.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a kúkú gba tẹlifíṣọ̀n olówó-oṣù mìíràn tí kò wọ́n. Èyí ní òye díẹ̀ nínú. Ní sáà 2023/24, StarTimes gba líìgì ilẹ̀ wa, ó sì ń gbé ìdíje jáde, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ọ̀gá ńlá náà. Bí a bá gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹni tí ń fi Insurance àti Remo Stars hàn ni kí ó jẹ. Ṣùgbọ́n kí Akápò béèrè ná, kí ó mọ̀ bóyá àdéhùn náà ṣì wà ní oṣù tí a bá fẹ́ sanwó. A ti rí HiTV rí. Ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni. Ó gba bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ láti 2007 sí 2010, inú gbogbo wa dùn, a ra dẹ̀kódà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò pẹ́ tí ó fi wọlé ní 2011. Mo mọ ilé mẹ́ta tí wọ́n ń fi dẹ̀kódà HiTV dènà ilẹ̀kùn títí di òní.

Tí wọ́n bá sì ní fóònù, èmi náà ní fóònù. Líìgì wa ní áàpù tirẹ̀ tí à ń pè ní NPFL Live, láti sáà 2023/24 kan náà, ènìyàn sì lè wo ìdíje níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Bí ogún ọ̀dọ́ bá jókòó sínú gbọ̀ngàn kan, tí ogún fóònù ń jẹ dẹ́tà lórí ìdíje kan ṣoṣo, a ti fi gbèsè dẹ́tà rọ́pò gbèsè dẹ̀kódà nìyẹn. Fóònù kan ni kí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n gbọ̀ngàn, kí gbogbo wa dá dẹ́tà rẹ̀, ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ilé wa bá ní ìdíje tí ó ṣe pàtàkì. Wáyà tí ó ń so wọ́n pọ̀ kò wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó sì rà á.

Àbá tèmi gan-an nìyí. Kí a ra antẹ́nà tí ó dára, kí a gbé e sórí òpó gíga. NTA àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wà ní afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí Super Eagles bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Níbi tí àpótí FreeTV ti dé, ní Jos láti 2016, ní Kaduna láti 2017, ní Kano láti 2021, kí àwọn ará wa tí ó wà níbẹ̀ dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń ra àpótí náà. Kí a ra rédíò ńlá kan sí gbọ̀ngàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Àwọn tí ó dàgbà nínú wa mọ̀ pé ohùn Ishola Folorunso àti ti Ernest Okonkwo mú ènìyàn rí bọ́ọ̀lù ju bí ojú ti ń rí i lọ. Ní 1976, nígbà tí Shooting Stars di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ife Áfíríkà, mélòó nínú àwọn bàbá wa ní Sábó ni ó ní tẹlifíṣọ̀n? Rédíò ni wọ́n fi jó.

Èyí tí ó sì ga jù ni pé kí a máa lọ sí pápá. Àwọn ẹgbẹ́ ilé wa ń wá bá wa níhìn-ín, àwa ni a kò jáde. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ni ó gba líìgì ní 2025. Kwara United ti Ìlọrin ni ó gba ife ní ọdún kan náà, pẹ́nárítì ni wọ́n fi gbà á. Shooting Stars ti padà sáàárín àwọn ńlá. Ní sáà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wà nínú líìgì kan náà pẹ̀lú Pillars, wọ́n gbọ́dọ̀ wá sí Kano. Wọ́n ń rin ìrìn ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń wọ pápá tí kò sí ẹnì kan tí ń kí wọn ní èdè ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ìlú náà tí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń wo Liverpool. Mo ní kí a yọ ₦60,000 péré nínú ₦228,000 tí a fẹ́ fún díìṣì, kí a fi ṣe owó ọkọ̀ àti owó ẹnu-ọ̀nà fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní, ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ilé bá wá. Èyí tí ó kù, kí ó lọ sínú àpò ìrànlọ́wọ́. Gbogbo wa mọ ohun tí à ń fi àpò yẹn ṣe. Bí ẹnì kan bá kú sí ìhín, àpò yẹn ni ó ń gbé e relé.

Àwọn àgbà wa kan ti bá mi sọ ohun kan ní ìkọ̀kọ̀, n óò sì dáhùn ní gbangba, nítorí pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Wọ́n ní pápá kò ní ààbò fún àlejò. Wọ́n rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí Shooting Stars gbá ọ̀mì pẹ̀lú Pillars ní Kano, tí àwọn òǹwòran wọ pápá, tí wúrúwúrú ṣẹlẹ̀. Òtítọ́ ni. Àjọ tí ń darí líìgì sì fi owó àti máàkì jẹ Pillars níyà nítorí rẹ̀. N kò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ fi orí ara rẹ̀ wéwu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú. Àwa tí a ti ń gbé láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti ìgbà bàbá bàbá wa, tí à ń sọ Hausa ju èdè wa lọ nígbà mìíràn, ṣé a óò máa sá fún pápá ìlú tí à ń san owó orí nínú rẹ̀? Kí a lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí a jókòó pọ̀ lábẹ́ àgbà méjì tàbí mẹ́ta. Kí a bá àwọn aládùúgbò wa tí ó jẹ́ ti Pillars lọ, kí wọ́n sì bá wa jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu ṣáátá ẹgbẹ́ onílé. Bí a bá borí, kí a máa yọ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń bọ̀. Ọ̀nà tí àwọn ará Bìní tí ó wà ní Kano ń gbà lọ wo Insurance nìyẹn, wọn kò sì tó wa níye.

Wọ́n tún ní àwọn ọ̀dọ́ kò ní wá sí gbọ̀ngàn mọ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú a kò rí ẹnì kan. Bí ó bá jẹ́ pé Arsenal nìkan ni ó ń mú ọmọ wa wá sínú ẹgbẹ́ àwọn bàbá rẹ̀, kí a mọ̀ ọ́n báyìí, kí a má fi ₦228,000 bò ó mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Mo sì rò pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọmọ tí a bá mú lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan, tí ó rí agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars kan tí ó gbọ́ ohùn Yorùbá láàárín èrò, tí ó yíjú, tí ó sì gbé ọwọ́ sókè kí i, kò ní nílò ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ kí ó wá sí ìpàdé.

Ní ìpàdé ńlá, n óò dìde láti tako àbá owó-àfikún náà, mo sì ti bá àwọn mẹ́rin sọ̀rọ̀ tí wọn yóò tì mí lẹ́yìn. Kí ẹni tí ó bá ní ìṣirò tí ó yàtọ̀ sí tèmi kọ ọ́ wá fún Akọ̀wé kí ó tó di ọjọ́ náà, kí a lè kà á sétí gbogbo ènìyàn. Bí àbá tèmi bá wọlé, káfíńtà tí ń gbé lẹ́yìn ọjà ti gbà láti gbé àkàbà rẹ̀ wá ní àárọ̀ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, láì gba owó, kìkì pé kí a jẹ́ kí ó mú òpó irin díìṣì náà lọ. A nílò ọ̀dọ́ méjì tí kò bẹ̀rù òkè láti bá a di antẹ́nà mú.